Jọ́ìntì Tí Mo Pa Lẹ́nu Mọ́

Ìkòtún, Alímọ̀ṣọ́.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tó sọ mí di bàbá,

Kí o tó kà á síwájú, dákun, lọ mú kọ́kọ́rọ́ jíìpù níbi tí o fi kọ́ sí, kí o fi lé ọkọ rẹ lọ́wọ́. Tí o bá ti ṣe é, wá jókòó, gbé ọmọ sórí itan, kí o wá máa kà á lọ ní ìrọ̀rùn. Ara wa le níbí. Màmá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní ṣé ọmọ ti ń hu eyín. Orúnkún mi ṣì ń yọ mí lẹ́nu láàárọ̀, ṣùgbọ́n n kò jókòó kọ̀wé nítorí orúnkún.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Jíìpù tí mo fún ọ ní Sátidé tó kọjá kò tíì tó ohun tí à ń gbé wọ inú oko. Jọ́ìntì iwájú rẹ̀ kan ti jẹ, mo sì mọ̀ kí ẹ tó wá gbé e. Mo fi pamọ́ fún ọ. O ti sọ fún wa pé Mọ́ńdè ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára káàkiri àwọn abúlé, mo sì mọ irú ọmọ tí mo bí. Tí wọ́n bá ní Mọ́ńdè, Fúráìdè ni ìwọ á ti fẹ́ lọ wo ọ̀nà. Má lọ, ọmọ mi. Má ṣe gbé jíìpù yẹn kúrò lójúde títí màá fi dé.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lo kọ́, o ò kọ́ mẹ́káníìkì. Irin gbọọrọ kan ló ti inú gíà wá sí ẹsẹ̀ táyà iwájú kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń yí táyà. Ṣùgbọ́n táyà iwájú gbọ́dọ̀ máa kọjú sọ́tùn-ún sósì, irin gbọọrọ kò sì lè tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi oríkèé sí i, bí ọrùn ọwọ́ rẹ ṣe rí. Oríkèé yẹn là ń pè ní jọ́ìntì. Irin róbótó mẹ́fà ló ń yí nínú rẹ̀, nínú gírísì, a sì fi rọ́bà bò ó kí omi àti yanrìn má baà wọlé. Bí rọ́bà bá ya, gírísì á dà nù, yanrìn á gba ipò rẹ̀, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ìgbà yẹn ni wàá máa gbọ́ ká-ká-ká bí o bá yí sítíárìn tí o sì tẹná.

Ká-ká-ká yẹn ni mo gbọ́ ní Tọ́sìdè, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí ẹ dé. Mo sáré lọ bá ọkùnrin tó ń ta sípéà páàtì ní ibùdókọ̀ Pleasure, ó ní jọ́ìntì tuntun kò sí nílẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ká ní ìwọ àti ọkọ rẹ nìkan lẹ ń bọ̀ ni, ǹ bá ní kí ẹ padà sílé, kí ẹ tún wá. Ṣùgbọ́n bàbá ọkọ rẹ wà nínú àwọn tó ń bọ̀. O rántí pé lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ rẹ, èmi bàbá rẹ dìde láàárín èrò, mo ní n kò ní fún ọmọ mi ní mọ́tò tí a máa ń tì. Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo rò ó pé kí àna mi wá dúró lójúde mi, kí mọ́tò tí mo fi ń yangàn wá máa sán bí ẹni ń jẹ gúgúrú níwájú wọn. Ojú tì mí kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Ni mo bá wọ abẹ́ rẹ̀. Mo yọ jọ́ìntì ọ̀tún, mo gbé e sí òsì. Mo yọ ti òsì, mo gbé e sí ọ̀tún. Ọgbọ́n yìí, kò sí mẹ́káníìkì tó dàgbà tí kò mọ̀ ọ́n, a kì í sì í sọ ọ́ fún oníbàárà. Ẹ̀gbẹ́ kan ni irin máa ń jẹ, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó ń gbé ẹrù nígbà tí mọ́tò bá ń lọ síwájú. Bí o bá pààrọ̀ ọ̀tún àti òsì, ẹ̀gbẹ́ tí kò tíì jẹ ni yóò wá máa gbé ẹrù. Ariwo á dákẹ́. Mọ́tò kò sàn o, ó kàn dákẹ́ ni. Tí o bá sì fi rìfáàsì rìn, ẹ̀gbẹ́ tó ti jẹ á tún fọhùn.

Nítorí rìfáàsì yẹn ni mo ṣe tètè jí ní Sátidé, tí mo yí jíìpù náà padà, tí mo kọ orí rẹ̀ sí géètì kí ẹ tó dé. O rí i, inú rẹ dùn. O ní, "Bàbá mi, ẹ ti bá mi yí i síta, ẹ ṣeun." Bàbá ọkọ rẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbàdúrà fún mi pé Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi sin ọmọ. Mo ṣe àmín. Ẹ wọ mọ́tò, ẹ tẹná, ẹ lọ ní jẹ́jẹ́, èmi sì dúró sẹ́nu géètì, mo ń juwọ́ sí yín bí èèyàn gidi.

Láti ìgbà yẹn oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Màmá rẹ wò mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Láná ó gbé ọbẹ̀ kúrò níwájú mi, ó jókòó tì mí, ó ní òun ń gbọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. O mọ̀ ọ́n, kì í pariwo. Ó ní, "Ohun tí ẹ ò jẹ́ fi lé oníbàárà lọ́wọ́, ẹ fi lé ẹni tí mo bí lọ́wọ́. Ẹ lọ kọ̀wé." Ó dìde, ó lọ fọ abọ́. Inú mi kò dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ṣeé jà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kì í ṣe àìmọ̀. Ọ̀ràn yìí gan-an ti kọ́ mi lọ́gbọ́n rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, tí mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, Àlàájì kan wà ní Ìgàndó, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀, tí wọ́n ní jíìpù. Ọ̀nà ibẹ̀ kò tíì ní ọ̀dà nígbà náà. Wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ mi, rọ́bà jọ́ìntì ti ya díẹ̀, kò ju ìka kan lọ. Tuntun ló yẹ kí n fi sí i. Dípò bẹ́ẹ̀ mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́, mo wé e mọ́ ọn, mo so ó dáadáa. Mo ní kí wọ́n máa lọ, kò séwu. Mo tiẹ̀ fi ọwọ́ gbá táyà náà, bí ọ̀gá.

Lẹ́yìn oṣù bíi méjì, òjò rọ̀. Àlàájì ń gbé ìyá wọn tí ara wọn ò dá lọ sí ọsibítù. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ó kún fún ẹrẹ̀. Ibẹ̀ ni jọ́ìntì náà ti já, ó fọ́, táyà há, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Àga ni wọ́n fi gbé ìyá náà nínú òjò títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ti rí mọ́tò mìíràn. Ọlọ́run yọ wá, ìyá náà gbádùn. Nígbà tó ṣe, Àlàájì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti ń wá ibi tí màá sá sí. Wọn ò bú mi. Wọ́n tú áńkáṣíìfù sórí tábìlì mi, irin róbótó mẹ́fà wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ilé irin náà tó ti fọ́ sí mẹ́ta. Wọ́n ní, "Torí pé ìwọ lo so ó, n ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó mọ́." Wọ́n sì lọ.

Àṣàkẹ́, ìwọ náà ò ní bẹ̀rẹ̀ wò ó, torí pé èmi ni mo fún ọ.

Ó dáa. Níwọ̀n ìgbà tí mo ti mú ìwé dání, jẹ́ kí n kó gbogbo ìyókù sílẹ̀ fún ọ, torí màá pààrọ̀ jọ́ìntì yìí, ṣùgbọ́n mọ́tò náà ti dàgbà, ọ̀nà tí o fẹ́ máa gbà kò dára, èmi ò sì ní máa wà lẹ́yìn rẹ.

Èkíní, máa bẹ̀rẹ̀ wò ó, ẹnikẹ́ni tí ì báà tún un ṣe. Ní gbogbo Sátidé, tẹ́ àpò sílẹ̀, yí táyà iwájú dé òpin lápá kan, kí o wo rọ́bà yẹn yíká, lẹ́yìn náà yí i sápá kejì. Fi ìka ṣí àárín ìṣẹ́po rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ ya. Bí o bá rí gírísì dúdú tó ta sára inú táyà, má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni, rọ́bà ti ya nìyẹn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Rọ́bà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ya lónìí, bí o bá tètè pààrọ̀ rẹ̀, jọ́ìntì ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣe. Bí o bá fi sílẹ̀ wọ ìgbà òjò, o ti sọ jọ́ìntì nù. Ẹni tó bá sì ní òun á fi tíúbù wé e fún ọ, sọ fún un pé bàbá rẹ ti ṣe é rí, kò bímọ rere.

Èkejì. Ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà, tó ń mú kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà, tí à ń pè ní fóò, má fà á lórí ọ̀dà gbígbẹ. Fi mí rẹ́rìn-ín, mo gbà. Nígbà tí mo ń tọ màmá rẹ lẹ́yìn, mo ń bá àwọn kan tó ń la ọ̀nà ṣiṣẹ́, jíìpù wọn sì máa ń wà lọ́wọ́ mi. Ọjà Ṣáṣá ni màmá rẹ ti ń ta àlùbọ́sà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí ojú títì níbẹ̀ ni, ó ń dán, mo sì rò pé ó yẹ kí omidan yìí mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo fa fóò, mo yí sítíárìn dé òpin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí po níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Mọ́tò ń kérora, táyà ń wọ́ nílẹ̀, èmi ń rẹ́rìn-ín. Ní ìyípo kẹta, mo gbọ́ gbò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó tán. Àwọn alábàárù tó ń gbé àlùbọ́sà fún màmá rẹ ni mo bẹ̀ kí wọ́n bá mi tì í kúrò lójú ọ̀nà. Màmá rẹ dúró, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé bí wọ́n ṣe máa ń wà á nìyẹn?" Ó gbà láti fẹ́ mi ṣá. N kò mọ ohun tó rí.

Ìdí tí ó fi já ni pé ọ̀dà gbígbẹ kì í jẹ́ kí táyà yọ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń fà lẹ́ẹ̀kan náà tí o sì ń kọ́nà, ara jọ́ìntì ni gbogbo ìjàkadì yẹn ń lọ. Ẹrẹ̀ àti yanrìn ni a ṣe fóò fún. Nínú ẹrẹ̀ náà, bí o bá ti yí sítíárìn dé òpin, má tẹná lójijì. Tọ́ táyà padà díẹ̀, kí o tẹná jẹ́jẹ́. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn, ejò ò lọ́wọ́, ejò ò lẹ́sẹ̀, ó sì ń dé òkè.

Gírísì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò pọ̀. Dúdú tó bá jọ́ìntì wá nínú ọ̀rá ni kí wọ́n lò, gbogbo rẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ ẹ kù. Gírísì pupa tí wọ́n ń fi sí ibòmíràn kò lè gbé irú ẹrù yẹn. Kí ọwọ́ ẹni tó ń fi í sí i sì mọ́. Ọ̀gá mi gbá mi létí rí torí pé mo gbé jọ́ìntì sórí ilẹ̀ yanrìn, mo sì tún gbé e padà sínú mọ́tò láì fọ̀ ọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìwọ tí o kì í gba kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan abẹ́rẹ́ rẹ, ìwọ á mọ̀ pé ọ̀gá mi jàre.

Bó bá wá di ọjọ́ tí o fẹ́ pààrọ̀ jọ́ìntì tí n kò sí nítòsí, má fún mẹ́káníìkì ní mọ́tò kí o lọ sílé. Gbé àpótí, jókòó tì í, bí wọ́n bá ń pè ọ́ ní alákọ̀wé aláìgbàgbọ́, jẹ́ kí wọ́n máa pè. Mú ti àtijọ́ dání lọ ra tuntun. Eyín kéékèèké wà nínú rẹ̀, ka eyín ti àtijọ́, ka ti tuntun. Bí wọn ò bá dọ́gba, má rà á, ohunkóhun tí olówò ì báà fi búra. Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín táyà, kí ó tú u nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, kó tó gbé jáàkì, torí agbára tí wọ́n fi ń fà á lè ti mọ́tò ṣubú lu èèyàn. Kí ó fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Kí ó fi igi lé e kó tó fi òòlù lù ú. Nọ́ọ̀tì náà, tuntun ni kó fi sí i. Tí ó bá parí, kí ó yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún, kó rìn síwájú, kó rìn sẹ́yìn, kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lósì. Ìwọ náà máa tẹ́tí. Kí o sì gbé ògbólógbòó lọ sílé rẹ. Bí o bá fi sílẹ̀ fún un, mọ́tò ọmọ ẹlòmíràn ni wọn yóò fi í sí.

Èyí tó kù, n kò mọ̀ bóyá ó kàn mọ́tò. Mo ti rí i báyìí pé kì í ṣe gbogbo ohun tó dákẹ́ ló sàn. Èmi àti màmá rẹ ti jà rí, tí ilé pa rọ́rọ́ fún oṣù kan, mo ń pè é ní àlàáfíà, mo ń lọ síbi iṣẹ́ mo ń súfèé. Kì í ṣe àlàáfíà. Bí ìwọ àti ọkọ rẹ bá ní aáwọ̀ tí ó sì rọlẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ṣì ń dún. Bí ó bá ń dún, ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́. Títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná a di tòge.

Awakọ̀ kan tó ń ná Ìsẹ́yìn láti Ìyànà Ìpájà ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ó ní lọ́la òun á fi lé ọ lọ́wọ́ nílé. Jọ́ìntì tuntun méjì á dé sọ́wọ́ mi ní Fúráìdè. Ní Sátidé, èmi fúnra mi ń bọ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ mi, iwájú ilé yín ni màá sì ti tú u, ní ojúmọmọ, lójú gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wò. Bí n kò bá dé ní Sátidé, fún ìdí yòówù, Mọ́ńdè kò gbọdọ̀ bá jíìpù yẹn lójú ọ̀nà. Wọ ọkọ̀ èrò. Gun ọ̀kadà. Jẹ́ kí àwọn abúlé dúró dè ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn á dárí jì ọ́.

Ìwé kejì wà nínú àpò ìwé yìí. Bàbá ọkọ rẹ ló ni ín. Gbogbo ohun tí mo sọ fún ọ nípa jọ́ìntì náà ni mo kọ síbẹ̀, àti ìdí tí mo fi kọ orí mọ́tò sí géètì. N kò lẹ ẹnu rẹ̀, o lè kọ́kọ́ kà á. Mo mọ̀ pé ìwọ á fẹ́ fi í pamọ́ kí ojú má baà ti bàbá rẹ. Bí o ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyẹn, o ní àánú mi jù. Lọ́tẹ̀ yìí má ṣe é. Gbé e fún wọn lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ, kí wọ́n tó bi ọ́ pé kí ló dé tí jíìpù fi dúró. N kò fẹ́ kí o fi ẹnu rẹ parọ́ bò mí mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò pa èèyàn. Bí wọ́n bá gba àdúrà wọn padà, kí n lọ tún un tọrọ.

Ìwọ náà, bí o bá fẹ́ bínú sí mi, bínú. Má wulẹ̀ ro ti orúnkún, má ro ti ewú orí mi. Bí mo bá dé ní Sátidé tí o kò bá mi sọ̀rọ̀, màá wọ abẹ́ mọ́tò, màá ṣiṣẹ́ mi. Ìbínú rẹ nínú ilé tẹ́ mi lọ́rùn ju ẹ̀rín rẹ lójú ọ̀nà yẹn lọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.